Kò Tẹ́ Mi Lọ́rùn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ìwé ìjákulẹ̀ lé mi lọ́wọ́ l'Ágódi.
Akọ̀wé tó fún mi ò gbójú sókè.
Ó ní kí n buwọ́ lù ú pé mo ti gbà á.
Bírò rẹ̀ ti gbẹ, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Yàrá kan péré la tọrọ.
Yàrá kan àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé Bàbá wa ní Kúdẹtì,
nítorí orúnkún Ìyá ò bá àtẹ̀gùn ṣọ̀rẹ́ mọ́.
Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún. Ó máa ń kà wọ́n bí ẹni ń ka gbèsè,
a sì sinmi lórí ìkẹsàn-án,
níbi tí Bàbá ti fi ìka kọ ọdún sínú sìmẹ́ǹtì tútù.

Wọ́n ní ọkọ̀ panápaná ò rọ́nà wọlé.
Mo rẹ́rìn-ín. Agboolé wa ti wà níbẹ̀
kí ẹnikẹ́ni nílùú yìí tó gbọ́ ìró ọkọ̀;
bí iná bá sọ, korobá la fi ń pa á, látọwọ́ dé ọwọ́.
Wọ́n ní yàrá náà sún mọ́ odò jù:
mítà mẹ́sàn-án, níbi tí òfin ti bèèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà:
bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.

Kò tẹ́ mi lọ́rùn.
Ohun tí mo fi kọ orí ìwé tèmi nìyẹn, mo fa ìlà méjì sí i nídìí.
Mo pe Sùbérù bíríkìlà, òun àti tépù rẹ̀.
Ó di etí kan mú, mo di ìkejì,
a wọ inú koríko odò, bàtà mi rì.
Láti ẹ̀bá omi dé ibi tí ògiri yóò dúró:
mítà mẹ́sàn-án àti ààbọ̀.
Sùbérù ní, "Ẹ kọ mẹ́rìndínlógún. Ta ni yóò wá wọ̀n ọ́n?"
Ẹ̀rùn ni. Odò tín-ín-rín bí okùn ṣòkòtò,
kò lágbára àtigbé ju ọ̀rá píọ́wọ́tà lọ.
Èyí náà ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá?

Ìgbà náà ni Ìyá pè láti ojú fèrèsé òkè:
"Gàníyù, kí lẹ ń wá nínú ilé ìdáná mi?"

Mo wolẹ̀. Koríko ni.
"Ibẹ̀ yẹn. Ibi tí ẹsẹ̀ Sùbérù wà ni ààrò mi wà.
Ọdún omíyalé, mo pọ̀n ọ́, mo gun àtẹ̀gùn yìí lókùnkùn, mo ń kà á.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ààrò, kò sí ìkòkò,
kò sí Ràbíátù ọmọ orogún mi
tó ní òun gbàgbé ẹ̀kọ òun sísàlẹ̀."

Tépù fò padà sínú ilé rẹ̀, ó gé mi níka.
Sùbérù ò sọ ti mẹ́rìndínlógún mọ́.

Lálẹ́, mo jókòó ti ìwé mi.
Mi ò pa orí rẹ̀ rẹ́.
Àwọn tó kọ̀wé sí mi ò mọ Ràbíátù, wọn ò dé etí odò wa rí;
ìdí tábìlì ni wọ́n jókòó sí
tí wọ́n fi rí òótọ́ tí ojú mi fò dá.
Ìyẹn gan-an ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo kọ ọ́ pé: mo gbà, lórí ti odò.
Mo kọ ọ́ pé: ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ń tún aago ṣe, níwájú ilé,
ti wà ní títì látọjọ́ tó ti kú.
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di yàrá. Ògiri rẹ̀ ti dúró.
Ní ti ọkọ̀ panápaná, kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn,
kí wọ́n mú korobá dání.

Mo kà á fún Ìyá. Ó ní kí n tún ibi odò kà.
Ó dìde, ó di ògiri mú, ó ń gòkè lọ,
ení, èjì, ẹ̀ta,
ó sinmi lórí ìkẹsàn-án.
"Gàníyù, kọ ọ́ sí i pé kí fèrèsé kan kọjú sódò.
Mo fẹ́ máa rí i bó bá ń bọ̀."